Ológbò Tí A Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí ẹnìkan bá wí fún àwọn baba wa pé òun fẹ́ jókòó ṣe ohun ìṣeré fún ológbò, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi ṣe. Ọmọ ènìyàn ni à ń ṣe ohun ìṣeré fún. A ń gbẹ́ ọmọlangidi fún ọmọbìnrin, a sì ń fi agolo ṣe ọkọ̀ fún ọmọkùnrin. Ọdẹ ilé ni ológbò jẹ́ ní tirẹ̀. Èkúté ni ó ń bá ṣeré, nígbà tí eré náà bá sì parí, oúnjẹ alẹ́ ti dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Wọn kò wí pé ilé di ahoro, tàbí pé ilé di ilé ìbànújẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rò, kì í ṣe ẹwà ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ológbò pọ̀ láyé lónìí tí kò fojú kan èkúté rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Inú ilé alájà gíga ni wọ́n ń gbé ní London, ní New York àti ní Tokyo. Àwọn mìíràn sì wà ní Èkó àti ní Ìbàdàn pẹ̀lú, nínú fúláàtì tí a kì í ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń sùn, kò sì sí ohun tí ó ń lé wọn. Ẹ ó rí irú ológbò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu fèrèsé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa wo ẹyẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, tí gbogbo ilé ti sùn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti yàrá dé yàrá. Yóò fò mọ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, yóò sì fi èékánná ya àga tìmùtìmù. Àwọn mìíràn kì í sáré rárá. Wọ́n á kàn máa jẹun ṣáá, títí wọn yóò fi sanra bí ìrọ̀rí. Olówó wọn á wá máa kígbe pé, "Kí ni mo fi dù ọ́ nínú ilé yìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ wá lọ. Iṣẹ́ ni a fi dù ú. Kí a tó lè mọ bí a ó ti dá a padà fún un, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti rí iṣẹ́ náà, àti bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba ńlá gbogbo ológbò ilé ni ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica. Ó ṣì wà nínú igbó àti aṣálẹ̀ ní Áfíríkà àti ní ìwọ̀-oòrùn Éṣíà títí di òní. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iyanrìn, ó sì ní ilà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lára. Adánìkanṣọdẹ ni. Kì í bá ẹgbẹ́ rìn bí ajá ìgbẹ́, kì í sì í ní olórí tí ó ń tẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Éṣíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko ní ohun tí ó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń gbin àlìkámà àti ọkà báálì, wọ́n sì ń kó ìkórè wọn pamọ́ sínú àká. Ibi tí ọkà bá wà, èkúté yóò dé ibẹ̀, ibi tí èkúté bá sì pọ̀ sí, ológbò yóò gbọ́ òórùn wọn. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ ni pé báyìí ni ìbáṣepọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. A fi okùn mú ewúrẹ́ àti màlúù wálé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ológbò fi rìn wá, nítorí pé iṣẹ́ wà, ẹran sì wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rí ìbáṣepọ̀ yìí ti pẹ́ jọjọ. Ní erékùṣù Kípírù, ní ibi tí a ń pè ní Shillourokambos, àwọn awalẹ̀pìtàn ará Faransé rí ibojì kan tí ó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún. Egungun ènìyàn kan wà nínú rẹ̀, egungun ológbò kan sì wà nítòsí rẹ̀ gan-an, nínú ihò kékeré tirẹ̀. Ọdún 2004 ni ìròyìn ìwádìí náà jáde. Kò sí ológbò ní Kípírù kí ènìyàn tó débẹ̀, ológbò kò sì lè wẹ òkun náà já. A jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n gbé irú ológbò bẹ́ẹ̀ sí wá láti òkè òkun. Àwọn tí ó gbé ẹranko sọdá òkun, tí wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn wọn, ẹranko náà ti ní ipò kan lọ́kàn wọn.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì ìgbàanì, ipò náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwòrán ara ògiri ibojì àwọn ọlọ́lá ní Thebes, ẹ ó rí ológbò lábẹ́ àga ìyálé ilé, a tilẹ̀ rí ọ̀kan tí ń jẹ ẹja níbẹ̀. Wọ́n ní òrìṣà kan tí a ń pè ní Bastet, olórí ológbò ni wọ́n fi ń yà á, ìlú Bubastis sì ni ojúbọ rẹ̀ wà. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì tí ó gbé láyé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ológbò bá kú fúnra rẹ̀ nínú ilé ará Íjíbítì, gbogbo ará ilé náà ni yóò fá irun ìpéǹpéjú wọn láti fi ṣọ̀fọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tètè yọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ayé àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì yìí kan náà, wọ́n ń sin ọmọ ológbò lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń ṣẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń fi aṣọ wé òkú wọn láti tà fún àwọn olùjọsìn tí ń wá rúbọ. Òkú ológbò bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọdún 1890 wọ́n kó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19 lọ sí Liverpool, wọ́n sì ta wọ́n ní gbàǹjo kí wọ́n lè lọ̀ wọ́n ṣe ajílẹ̀ oko. Mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí kí a lè mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a gbé ẹranko ga, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tí ó rọ tìmùtìmù fún ológbò rẹ̀ lónìí lè máà mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ni ológbò fi ń jẹun níbi gbogbo. Ó ń bá atukọ̀ wọ ọkọ̀, ó ń ṣọ́ àká, ó ń ṣọ́ ilé ìtàwé. Ní ọdún 1745, Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí wọ́n ṣa àwọn ológbò tí ó mọ eku pa jù lọ ní ìlú Kazan, kí wọ́n sì kó wọn wá sí ààfin òun ní St Petersburg. Ààfin àwọn ọba ìlú náà ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí a ń pè ní Hermitage, ológbò sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí.

Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìnáwó ìjọba. Ní ọdún 1868, eku ń jẹ ìwé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ ní London. Wọ́n bẹ ọ̀gá àgbà ilé ìfìwéránṣẹ́ pé kí ó fọwọ́ sí ṣílè méjì lọ́sẹ̀ fún oúnjẹ ológbò mẹ́ta. Ọ̀gá náà ní ṣílè kan tó. Ó ní kí àwọn ológbò náà fi eku dí èyí tí ó kù, pé bí eku kò bá dín kù láàárín oṣù mẹ́fà, òun yóò tún yọ nínú ṣílè náà. Ẹ kò rí i pé àdéhùn iṣẹ́ gidi nìyí! Ó ní owó ọ̀sẹ̀, ó ní àkókò ìdánwò, ó sì ní ìjìyà fún ọ̀lẹ. Àṣà náà pẹ́ nílẹ̀ púpọ̀. Láti ọdún 1950 títí di ọdún 1964, ológbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tibs wà lẹ́nu iṣẹ́ ní olú ilé ìfìwéránṣẹ́ London. Pọ́n-ùn 23 ni ó wọ̀n, ṣílè méjì àti sísì ni wọ́n sì ń san fún un lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe pé ènìyàn kì í bá ológbò ṣeré ní ayé ìgbà náà. Montaigne, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1580, mẹ́nu ba eré tí òun àti ológbò rẹ̀ jọ máa ń ṣe, ó sì rò ó wò bóyá òun ni ó ń fi ológbò náà ṣe ìdárayá ni, tàbí ológbò náà ni ó ń fi òun ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni eré ń wá. Ológbò tí ó bá jáde lọ ṣọdẹ lóru, tí ó gun òrùlé, tí ó bá ológbò àdúgbò jà, kò nílò ẹni tí yóò dá a lára yá nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Oorun ni ó ń fẹ́.

Báwo wá ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́ ilé, eku kò rí ihò gbẹ́ mọ́. Wọ́n kó oúnjẹ sínú agolo àti fíríìjì. Májèlé eku dé ọjà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń mú ológbò jáde nílé lójoojúmọ́, èyíinì ni ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé e sínú ilé ń fi eérú tàbí iyanrìn sínú àpótí fún un, ilé a sì máa rùn. Ní oṣù January ọdún 1947, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Cassopolis, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀, Edward Lowe, pé kí ó fún òun ní iyanrìn nítorí ológbò òun, nítorí pé eérú tí òun ń lò ń dọ̀tí gbogbo ilé. Iyanrìn ọ̀gbẹ́ni náà ti dì nínú òtútù. Irú amọ̀ gbígbẹ kan, oníhóró wẹ́wẹ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń fa epo tí ó dà sílẹ̀, ni ó bù fún un. Obìnrin náà padà wá fún òmíràn, ó ní òun kò ní lo ohun mìíràn mọ́ láé. Lowe bu amọ̀ náà sínú àpò oníwọ̀n pọ́n-ùn márùn-ún mẹ́wàá, ó kọ Kitty Litter sí wọn lára, ó sì gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n tà á ní sẹ́ǹtì 65. Ọlọ́jà náà kò gbà pé ẹnikẹ́ni yóò fi owó ra amọ̀ nígbà tí iyanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lowe ní kí ó máa fi tọrẹ nígbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ fi padà wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí a bí ológbò sínú ilé, kí ó gbó sínú ilé, kí ó sì kú sínú ilé, láì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ta rí. N kò sọ pé ìwà ìkà ni. Ọkọ̀ kì í pa ológbò tí ó wà nínú ilé, àrùn ìta kì í ràn án, kì í sì í run ẹyẹ inú igbó. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni a tì sí ìta.

Ó ṣe ni ní kàyéfì pé ní ọdún 1947 yìí kan náà ni ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, Donald Hebb, gbé ìròyìn kan jáde nípa eku. Ó ti kó àwọn eku kan lọ sí ilé rẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa bá wọn ṣeré. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn eku tí wọ́n dàgbà nínú àgò, àwọn eku ilé Hebb ni ó gbọ́n jù níbi kí a wá ọ̀nà nínú ibi tí ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Wọ́n fi àwọn eku kan sínú àgò ńlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn àti ohun ìṣeré tí wọ́n ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sínú àgò òfìfo lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wo ọpọlọ wọn, èèpo ọpọlọ àwọn tí ó ní ohun ìṣeré nípọn ju ti àwọn tí kò ní lọ. A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Ohun tí ẹranko ń rí ṣe ni ó ń kọ́ orí rẹ̀.

Àwọn olùtọ́jú ọgbà ẹranko pẹ̀lú ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Heini Hediger, ará Súwísáláǹdì, tí ó ṣe olórí ọgbà ẹranko Zürich láti ọdún 1954 títí di ọdún 1973, ń kọ́ni pé oúnjẹ àti ìmọ́tótó nìkan kò tó fún ẹranko tí a tì mọ́lé, pé ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa ṣe. Ní ọdún 1985, òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé àwọn tí ń tọ́jú ọ̀bọ àti ìnàkí fún ìwádìí gbọ́dọ̀ pèsè àyè tí yóò mú ọkàn wọn balẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí kan ròyìn bí wọ́n ti ń fi oúnjẹ pamọ́ sínú òkìtì ẹ̀ka igi fún ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Éṣíà kan, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, dípò kí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ nínú àwo. Àwọn ẹranko náà dín lílọ-bíbọ̀ wọn lẹ́bàá ògiri kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé wọn wò. Ní ọdún 2006, Tony Buffington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ròyìn nípa àwọn ológbò inú ilé tí ìtọ̀ ń dùn láìsí kòkòrò kan nínú ìtọ̀ náà. Nígbà tí àwọn olówó wọn tún ibùgbé wọn ṣe, tí wọ́n fún wọn ní ibi gígùn, ibi ìsápamọ́sí àti eré, àìsàn náà dín kù. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Àìríṣeṣe lè di àrùn nínú ara.

Ẹ̀yin kan lè máa bi mí pé ológbò tí ó ti yó, kí ni ó tún fẹ́ fi eku ṣe? Paul Leyhausen, ará Jámánì, fi ọdún púpọ̀ wá ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ó ń tú eku sílẹ̀ fún ológbò ní ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ológbò náà ti ń yó, jíjẹ ni ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ó ṣì ń pa eku. Nígbà tí ó yá, ó fi pípa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mú wọn. Nígbà tí mímú pẹ̀lú sú u, ó ṣì ń ba dè wọ́n, ó ń fi ojú ṣọ́ wọn. Ẹ rí i pé ebi ikùn ni ó kúrú jù nínú àwọn ebi ológbò. Ebi ìṣọ́ àti ebi ìbúba ni ó gùn jù. Àwo oúnjẹ tí a gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ pa ebi kan, ó fi mẹ́ta sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ni ó ń ya àga yín.

Ohun ìṣeré tí a fẹ́ ṣe, iṣẹ́ ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ẹ fẹ́ jù sórí ààtàn ti tó.

Èkíní ni ọ̀pá ìdọdẹ. Ẹ wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó apá ènìyàn. Ẹ ya aṣọ àlòkù kan tí ó fẹ̀ tó ìka ọwọ́, ẹ so ó mọ́ orí ọ̀pá náà, kí ẹ sì so ìyẹ́ adìyẹ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ìdí aṣọ náà gírígírí. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú bí a ti ń fà á. Ẹ má ṣe jù ú mọ́ ológbò lójú, nítorí eku wo ni ó ń sáré lọ bá ológbò? Kí ó máa sá lọ, kí ó dúró, kí ó gbọ̀n díẹ̀, kí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ fún ológbò láyè kí ó ba, kí ó máa mi ìdí. Ẹ jẹ́ kí ó mú un nígbà mìíràn, nítorí ọdẹ tí kò rí ẹran pa rí yóò bínú. Bí eré bá parí, ẹ fún un ní oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ sì gbé ọ̀pá náà pamọ́.

Èkejì ni páálí kékeré róbótó tí ó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí tíṣù bá tán. Ẹ da ihò méjì tàbí mẹ́ta sí i lára, kí ihò náà tóbi ju hóró oúnjẹ ológbò lọ díẹ̀. Ẹ bu oúnjẹ gbígbẹ sínú rẹ̀, tàbí ẹran ẹja gbígbẹ tí kò ní iyọ̀, tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì wọnú. Bí ológbò ti ń yí i ni oúnjẹ yóò máa jábọ́. Kírétì ẹyin onípáálí tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi hóró kọ̀ọ̀kan sínú ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi bébà tí ẹ rún bo díẹ̀ nínú wọn. Inú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti yọ èyí tí ẹ ń lò, kì í ṣe àfikún, kí ó má bàa sanra nídìí ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta ni páálí bàtà. Ẹ gé ihò tí ọwọ́ ológbò lè wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ẹ fi bébà rírún àti oúnjẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e. Yóò máa nawọ́ wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wá eku nínú ihò. Ẹ̀kẹrin ni ìbọ̀sẹ̀ àlòkù. Ẹ ki àkísà sínú rẹ̀ títí yóò fi tó eku ńlá, kí ẹ sì ta ẹnu rẹ̀ ní kókó. Èyí ni yóò máa dì mú, tí yóò máa bù jẹ, tí yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta.

Ẹ ṣọ́ra o. Òwú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà tí a fi ń di owó, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún kéékèèké tí ó kọjú sí ọ̀fun, ohun tí ó bá wé mọ́ ọn ṣòro láti tu dànù. Bí ó bá gbé òwú mì, òwú náà lè fún ìfun rẹ̀ jọ, kí ó sì gé e. Bí ẹ bá rí òwú tí ó yọ lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Wọ́n ṣe ohun ìṣeré, ológbò bá a ṣeré lọ́jọ́ kan, ní ọjọ́ kejì kò wò ó mọ́. Wọ́n á ní aláìmoore ni. Sarah Hall àti John Bradshaw ní Yunifásítì Southampton ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1998 àti 2002. Wọ́n rí i pé ológbò tí ebi ń pa ń ṣeré kíkankíkan ju èyí tí ó yó lọ, àti pé ohun ìṣeré kan náà ń sú u kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá fi òmíràn tí ó yàtọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, eré náà a tún gbóná. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Eku tí a bù jẹ, tí kò ya, tí kò kú, tí kò sì ṣeé jẹ, ọdẹ wo ni yóò tún padà sídìí rẹ̀? Nítorí náà, ẹ ṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ máa gbé ọ̀kan jáde, kí ẹ máa fi ìyókù pamọ́. Ẹ jẹ́ kí eré ṣáájú oúnjẹ. Kò gba àkókò púpọ̀. Nínú ìwádìí kan tí àwọn ará Yunifásítì Exeter tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, àwọn ológbò tí ń jáde nílé, tí olówó wọn ń bá ṣeré ọdẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójúmọ́, dín ẹran tí wọ́n ń pa wálé kù ní ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan. A jẹ́ pé ológbò fúnra rẹ̀ ka eré náà mọ́ iṣẹ́.

Gbogbo wa ni a mọ àgbàlagbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ọmọ kó lọ sínú ilé dáradára, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, tí wọ́n sì sọ fún un pé kí ó máà fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Kì í pẹ́ tí ara rẹ̀ fi ń ṣá. Bí ọmọ tí ó gbọ́n bá fún un ní ebè mẹ́rin lẹ́yìn ilé pé kí ó máa gbin ẹ̀fọ́ sí i, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ yóò tún dán. Ológbò kò lè bẹ̀ wá fún ebè tirẹ̀. Nǹkan bí 10,000 ọdún ni ó fi ṣọ́ ọkà ènìyàn, a kò sì ní pè é padà sídìí àká mọ́. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu fèrèsé yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, tí ó ń wo ẹyẹ, ẹ wo inú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù yín. Ó ṣeé ṣe kí páálí kan wà níbẹ̀.